Àwo Kejì Tí Wọ́n Ṣe Lójú Ọ̀nà: Led Zeppelin, 1969 sí 1970

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ olórin kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo gbé wá lónìí, àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí ayé mọ̀ sí Led Zeppelin, àti àwo wọn kejì tó jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 1969. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, tàbí tó ń ta gìtá lẹ́yìn ẹlòmíràn. Àwọn kan ti gbé àwo kan jáde, èkejì ló wá ń gba oorun lójú wọn báyìí. Ẹ̀yin gan-an ni mo ń rò nígbà tí mo ń to ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn. Ìkánjú tí wọ́n fi ṣe àwo yẹn ló jẹ́ kó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ìkánjú yẹn náà ló sì jẹ́ kí wọ́n kó orin olórin mọ́ tiwọn. Àwọn tó fẹ́ràn ẹgbẹ́ yìí máa ń sọ ti àkọ́kọ́, wọ́n á fo èkejì dá. Àwọn tí kò fẹ́ràn wọn á sọ èkejì bí ẹni pé kò sí nǹkan mìíràn nínú àwo náà. Èmi ò lè ya méjèèjì sọ́tọ̀, torí ojú odò kan náà ni wọ́n ti sun wá.

Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀rọ̀ àwo kejì ṣe máa ń rí. Orin tí èèyàn kọ nígbà tó wà níléèwé, èyí tó kọ nígbà tí kò níṣẹ́, èyí tó fi ṣàárò ọ̀rẹ́bìnrin, gbogbo rẹ̀ ló máa ń kó sínú àwo àkọ́kọ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ látòkèdélẹ̀ ló fi ṣe é. Tí àwo yẹn bá wá tà, ilé iṣẹ́ tó gbé e jáde á ní kó mú òmíràn wá kíákíá kí àwọn èèyàn tó gbàgbé orúkọ rẹ̀. Àpò orin ti gbẹ nígbà náà, òde eré ni wọ́n sì ń gbà kiri, kò sẹ́ni tó wà nílé tí yóò jókòó kọ nǹkan tuntun. Ẹgbẹ́ púpọ̀ ló parí síbẹ̀.

Jimmy Page, tó ń ta gìtá, kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí nígbà tó kó ẹgbẹ́ náà jọ ní ọdún 1968. Ó ti wà lára àwọn olórin tí wọ́n máa ń háyà sí sítúdíò ní London, bẹ́ẹ̀ náà ni John Paul Jones, tó ń ta gìtá báàsì tó sì ń tẹ dùùrù. Iṣẹ́ yẹn kì í gba ìṣeréṣe. Aago ń ka owó lórí ẹ, wọ́n á gbé orin tó ò gbọ́ rí síwájú ẹ, wọ́n á ní kí o ta á kó péye, kí ẹlòmíràn sì wọlé. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí òun ló gba àwo kejì là. Àwọn méjì yòókù ò tíì pé ọmọ ọdún 21: Robert Plant tó ń kọrin, àti John Bonham onílù, tí wọ́n wá láti apá Birmingham. Page ti wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Yardbirds tẹ́lẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn tú ká, ó wá ku òde eré tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ ní Denmark àti Sweden. Àwọn tuntun yìí ló kó lọ ṣe é ní oṣù kẹsàn-án. Bí wọ́n ṣe dé, wọ́n wọ sítúdíò Olympic ní London, wọ́n parí àwo àkọ́kọ́ ní nǹkan bí wákàtí 36. Owó tí wọ́n ná sí i jẹ́ £1,782, àpò Page fúnra rẹ̀ ló sì ti jáde.

Máńẹ́jà wọn, Peter Grant, ọkùnrin gìrìwò kan tí kò sẹ́ni tó lè fi ọwọ́ pa á lórí, gbé tépù náà lọ sí New York, ó sì bá Atlantic ṣe àdéhùn. Ilé iṣẹ́ tó gbé àwo Ray Charles àti Aretha Franklin jáde ni. Nínú àdéhùn yẹn, ẹgbẹ́ yìí ló láṣẹ lórí orin wọn àti lórí ohun tí wọ́n bá yà sára páálí àwo. Ẹgbẹ́ tí àwo rẹ̀ kò tíì jáde rárá kì í rí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ gbà.

Ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gorí ìtàgé ní Amẹ́ríkà, ní ìlú Denver. Àwọn ni wọ́n ń ṣíde fún ẹgbẹ́ mìíràn, kò sẹ́ni tó mọ̀ wọ́n. Ní oṣù kìíní 1969 wọ́n dé Boston, sí gbọ̀ngàn kan tí wọ́n ń pè ní Boston Tea Party. Wákàtí kan péré ni orin tí wọ́n ní. Wọ́n kọ ọ́ tán, àwọn èrò ò jẹ́ kí wọ́n kúrò lórí ìtàgé. Wọ́n tún un kọ látòkè. Àwọn èrò ṣì ń pariwo. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara wọn léèrè pé orin ta ni ìwọ mọ̀, orin ta ni èmi mọ̀, wọ́n kó orin Beatles àti Rolling Stones mọ́ ọn, títí eré náà fi lé ní wákàtí mẹ́rin. Jones máa ń tọ́ka sí alẹ́ yẹn pé ìgbà yẹn ni òun mọ̀ pé ẹgbẹ́ yìí máa di nǹkan.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé yẹn dáadáa. Ẹgbẹ́ tó ní orin díẹ̀, tó sì gbọ́dọ̀ kọrin fún wákàtí mẹ́rin, á na orin tó ní ni. Page á bẹ̀rẹ̀ ohùn gìtá kan láàárín orin, Bonham á gbè é, Plant á wá wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi sí i. Níbo ló ti máa rí ọ̀rọ̀? Inú orí rẹ̀ ni. Kí ló sì wà nínú orí rẹ̀? Àwọn àwo búlúùsì tó ti ń rà láti kékeré, orin àwọn aláwọ̀ dúdú Mississippi àti Chicago, Muddy Waters, Howlin' Wolf, Robert Johnson, Sonny Boy Williamson. Ó mọ̀ wọ́n bí ọmọ kéwú ṣe mọ hànǹtú rẹ̀. Á já ìlà kan nínú orin yìí, á já òmíràn nínú tọ̀hún, á lẹ̀ wọ́n mọ́ ara wọn bí gìtá ṣe ń lọ. Lórí ìtàgé, kò sẹ́ni tí yóò bi í pé orin ta ni.

Kì í ṣe àwọn nìkan ló ń fi ìtàgé wo orin. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìtàn Fẹlá mọ̀ pé ó máa ń kọ orin tuntun fún àwọn èrò rẹ̀ títí tí orin náà yóò fi gbó dáadáa, kó tó gbé e lọ sí sítúdíò, tó bá sì ti di àwo, ó tán nìyẹn, kò ní kọ ọ́ lóde mọ́. Nínú ọdún 1969 yìí náà ni Fẹlá àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, wà ní Los Angeles, tí àwọn náà ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù níbẹ̀. Ó máa ń wú mi lórí pé ìlú kan náà ni wọ́n jọ wà nínú ọdún kan náà, tí ẹgbẹ́ méjèèjì ń wá bí orin wọn yóò ṣe yàtọ̀.

Atlantic fẹ́ àwo kejì kí ọdún 1969 tó parí. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é nìyí: láti oṣù kẹrin sí oṣù kẹjọ, níbikíbi tí òde eré bá gbé wọn dé, tí ọjọ́ kan tàbí méjì bá ṣí sílẹ̀, wọ́n á wá sítúdíò. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Olympic. Wọ́n ṣe díẹ̀ ní Morgan, ní London náà. Wọ́n ṣe díẹ̀ ní Los Angeles, ní sítúdíò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Wọ́n ṣe díẹ̀ ní New York. Tépù wọn ni wọ́n ń gbé kiri bí ẹni ń gbé ẹrù ọjà. Ohùn ìlù lè jẹ́ ti London, kí gìtá tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ ti Los Angeles, kó jẹ́ New York ni Plant ti kọrin sí i. Ní Vancouver, ní ilẹ̀ Kánádà, sítúdíò tí wọ́n rí wọ̀ kéré débi pé àwọn olórin náà ń pè é ní ahéré. Hẹ́dífóònù gidi ò sí níbẹ̀. Wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn níbẹ̀ náà.

Page ni pùródúsà. Òun ló ń rántí ohun tó wà lórí tépù wo, òun ló ń gbọ́ àpapọ̀ rẹ̀ lórí kó tó di ohun tí etí ẹlòmíràn lè gbọ́. Níbí ni iṣẹ́ àgbàṣe rẹ̀ àtijọ́ ti wúlò. Ẹni tó bá ti mọ́ lára láti dé inú yàrá tí kò mọ̀, láàárín àwọn ẹ̀rọ tí kò mọ̀, kó sì ta gìtá tó péye láàárín wákàtí kan, sítúdíò ò lè dẹ́rù bà á.

Ẹ gbọ́ orin kẹta nínú àwo náà, "The Lemon Song". Mystic, sítúdíò kékeré kan ní Hollywood, ni wọ́n ti ṣe é, yàrá onípákó tí ìbú àti gígùn rẹ̀ kò ju ẹsẹ̀ bàtà 16 lọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ wọ inú rẹ̀, wọ́n sì jọ ta á lẹ́ẹ̀kan náà bí ìgbà tí wọ́n wà lórí ìtàgé. Ẹ fetí sí Jones lórí báàsì. Kò ta ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó ń tẹ̀ lé Plant kiri, tí Plant bá rẹ ohùn sílẹ̀, á wá síwájú, tí Plant bá ké, á yà fún un. Ẹni tó jókòó sílé oṣù mẹ́ta kò lè kọ irú báàsì yẹn sórí ìwé. Ọgọ́rọ̀ọ̀rùn alẹ́ tí wọ́n ti jọ lò lórí ìtàgé lẹ̀ ń gbọ́.

Ìlù Bonham náà nìyẹn, nínú "Moby Dick". Ohun tó máa ń ṣe lóde ni, nígbà tí àwọn mẹ́ta yòókù bá kúrò lórí ìtàgé tí wọ́n fi òun nìkan sílẹ̀. Ó máa ń ju ọ̀pá ìlù nù, á máa fi ọwọ́ lásán lu awọ, bí àwọn onílù wa ṣe ń lu àkúbà, títí ọwọ́ á fi bó. Lóde, ó lè tó ogún ìṣẹ́jú tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún àwo, wọ́n gé e, wọ́n so ó pọ̀ láti inú oríṣiríṣi tépù, ó wá di ìṣẹ́jú mẹ́rin àti díẹ̀. Èmi ò fi bẹ́ẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ lórí àwo, àwọn èrò tó ń dáhùn ni kò sí níbẹ̀. "Heartbreaker" ló wù mí jù. Gbogbo ẹgbẹ́ dákẹ́ láàárín rẹ̀, Page nìkan ló ń ta gìtá, ó ń sáré, ó ń kọsẹ̀, ó ń dìde. Page fúnra rẹ̀ sọ pé sítúdíò ọ̀tọ̀ ni òun ti ta apá yẹn lẹ́yìn tí orin ti parí, wọ́n kàn wá ibi tí wọ́n gé e sí láàárín. Ẹ lè gbọ́ ojú ọgbẹ́ náà tí ẹ bá fetí sílẹ̀: ohùn yàrá yí padà lójijì. Ẹni tó ní àkókò ì bá ti tún un ṣe kó dán. Wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń kọ́ gìtá káàkiri ayé sì ti fi bí 50 ọdún kọ́ ọ ní bó ṣe wà.

Nígbà tí wọ́n kó tépù gbogbo jọ, Page àti ẹ́ńjínnìà kan tó ń jẹ́ Eddie Kramer wọ sítúdíò A&R ní New York láti míìsì rẹ̀, ìyẹn ni pé kí wọ́n pa gbogbo ohùn tó wà lórí tépù pọ̀ di ọ̀kan. Ọmọ South Africa ni Kramer, òun ló ń bá Jimi Hendrix ṣiṣẹ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi míìsì gbogbo àwo náà, lórí ẹ̀rọ tí kò ní ju bọ́tìnnì méjì tí a fi ń ti ohùn láti etí òsì sí etí ọ̀tún. Ìwọ̀nba tó wà ni wọ́n lò dé góńgó. Láàárín "Whole Lotta Love", gìtá dákẹ́, ìlù nìkan ló kù, Plant ń kérora, Page sì ń lo theremin, ẹ̀rọ orin kan tí èèyàn kì í fọwọ́ kàn, afẹ́fẹ́ iwájú rẹ̀ ni wọ́n máa ń gbọ́wọ́ lé. Àwọn méjèèjì dúró ti ẹ̀rọ míìsì, wọ́n ń yí gbogbo bọ́tìnnì tí ọwọ́ wọn bá tó, ohùn ń sá láti etí kan sí èkejì.

Ohun kan wà níparí orin yẹn tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ nílé. Orin dúró, Plant fẹ́ ké. Kó tó ké, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀ kan tó jìnnà, tó rọ, tó ń sọ ọ̀rọ̀ náà ṣáájú rẹ̀. Ohùn Plant tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni, èyí tí wọn ò fẹ́ lò mọ́, àmọ́ ó ti rìn wọ ibòmíràn lórí tépù. Kramer rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ títí, kò lọ. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bu gbohùngbohùn sí i kó lè dà bí ohun tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe. Ó wà níbẹ̀ títí dòní.

Àwo náà kò tíì bọ́ lọ́wọ́ wàhálà. Bob Ludwig, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gé àwo náà fún ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́, ìyẹn ni pé ó fín ìlà orin sára àwòṣe tí wọ́n fi ń tẹ ìyókù, gé e kó pariwo, kó sì wúwo nísàlẹ̀, bí orin náà ṣe rí gan-an. Ó sọ pé wọ́n fún ọmọbìnrin Ahmet Ertegun, ọ̀gá Atlantic, ní ọ̀kan, ọmọ náà gbé e sórí gíráfóònù olówó pọ́ọ́kú rẹ̀, abẹ́rẹ́ ń fò kúrò lójú ìlà. Ni wọ́n bá ní kí wọ́n tún un gé, kí wọ́n dín báàsì rẹ̀ kù. Èyí tí Ludwig kọ́kọ́ gé, tí lẹ́tà RL wà lára rẹ̀ níbi tí ìlà orin parí sí, ni àwọn tó ń kó àwo jọ ń wá kiri báyìí lówó gọbọi.

Wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 22 oṣù kẹwàá 1969, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ 31. Wọ́n ti wà lóde eré ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde, ìgbà kẹrin wọn níbẹ̀ nìyẹn láàárín ọdún kan, wọ́n sì ti kọrin ní Carnegie Hall ní New York ní ọjọ́ 17 oṣù yẹn. Ìwájú páálí rẹ̀, David Juniper, tí òun àti Page jọ kọ́ṣẹ́ ọnà níléèwé, ló ṣe é: ó mú fọ́tò àtijọ́ ti àwọn ọmọ ogun òfuurufú Jámánì nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó lẹ ojú àwọn olórin náà mọ́ ọn. Nígbà tó fi di ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, ó ti lé "Abbey Road" ti Beatles kúrò ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà, ó sì lo ọ̀sẹ̀ méje níbẹ̀. Ní oṣù kejì ọdún 1970 ó gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà nìkan, wọ́n ti fọwọ́ sí i pé ó tà tó mílíọ̀nù 12.

Grant kò gbà kí wọ́n yọ orin kan ṣoṣo tà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó bá fẹ́ "Whole Lotta Love", kó lọ ra odindi àwo. Ẹ̀ka Atlantic tó wà ní London ti gé orin náà kúrú, wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, Grant dá a dúró. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n yọ ọ́ tà, ó sì dé ipò kẹrin. Èmi rò pé Grant ló jàre. Orin mẹ́sàn-án ló wà nínú àwo yẹn, bí wọ́n sì ṣe tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn ṣe pàtàkì: ariwo, ìdákẹ́jẹ́, ariwo. Ẹni tó bá gbọ́ ariwo nìkan kò tíì gbọ́ "Thank You", tí Plant kọ fún ìyàwó rẹ̀, ọ̀kan lára àwọn ọ̀rọ̀ orin àkọ́kọ́ tó kọ fún ẹgbẹ́ náà.

Ìrìn-àjò ò dáwọ́ dúró. Wọ́n kọrin ní Royal Albert Hall ní London ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1970, ọjọ́ ìbí Page, kámẹ́rà sì wà níbẹ̀. Ní Copenhagen, obìnrin ọlọ́lá kan láti ìdílé Zeppelin, àwọn tó ni orúkọ ọkọ̀ òfuurufú tí ẹgbẹ́ náà fi ń jẹ́, ní òun máa pè wọ́n lẹ́jọ́ tí wọ́n bá fi orúkọ òun kọrin nínú ìlú náà. Wọ́n yí orúkọ padà sí The Nobs fún alẹ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù kẹta wọ́n padà sí Amẹ́ríkà fún ìgbà karùn-ún, kò sí ẹgbẹ́ kankan tó ń ṣíde fún wọn mọ́, àwọn nìkan ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, alaalẹ́. Nígbà tí oṣù kẹrin fi ń parí lọ, ohùn Plant ti há, wọ́n sì fagi lé òde tó kẹ́yìn. Òun àti Page kó lọ sí ilé kékeré kan lórí òkè ní Wales, tí kò ní iná mànàmáná, pẹ̀lú gìtá tí kì í lo iná. Ibẹ̀ ni àwo kẹta ti bẹ̀rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n ráyè jókòó kọ orin.

Mo wá kan ibi tó ń dùn mí.

Lórí àwo àkọ́kọ́, orin méjì wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti Willie Dixon, orúkọ Dixon sì wà lábẹ́ wọn. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọmọ Vicksburg ní Mississippi ni Dixon, wọ́n bí i ní 1915, ó jáde lọ sí Chicago, ó kan ẹ̀ṣẹ́, kó tó di ẹni tó ń kọ orin fún Muddy Waters àti Howlin' Wolf ní Chess, ilé iṣẹ́ tó ń gbé àwo búlúùsì jáde. Ó kọ "You Need Love" fún Muddy Waters, ó jáde ní 1962. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ "Whole Lotta Love", kẹ́ ẹ tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu Plant ní ìlà dé ìlà. Ọ̀rọ̀ Dixon ni. Gìtá ibẹ̀ jẹ́ ti Page, kò sẹ́ni tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti Plant. Àmọ́ orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nìkan ló wà lára àwo, ti Dixon kò sí níbẹ̀. "The Lemon Song" wá láti inú "Killing Floor" ti Howlin' Wolf. "Bring It On Home", Dixon ló kọ ọ́, Sonny Boy Williamson ló kọ́kọ́ kọ ọ́ jáde, wọ́n sì fi ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ júbà Sonny Boy láìdárúkọ ẹni tó kọ ọ́. Page ń bínú sí èyí tó kẹ́yìn yìí títí, ó ní àárín orin náà jẹ́ tiwọn pátápátá. Òótọ́ ni nípa àárín. Ìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?

Kí ló fà á tí orúkọ Dixon fi wà lára àwo àkọ́kọ́ tí kò sí lára èkejì? Ohun tí mo rí nìyí. Orin Dixon tó wà lára àwo àkọ́kọ́, wọ́n kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí orin Dixon ni, wọ́n gbé e wọ sítúdíò gẹ́gẹ́ bí orin Dixon. Ti àwo kejì wọlé gba ẹ̀yìnkùlé. Plant ti ń fi ìlà wọ̀nyẹn dí àyè lóde láti oṣù dé oṣù, ó ti mọ́ ọn lẹ́nu bí ẹni pé òun ló ni ín. Nígbà tí wọ́n wá dé iwájú máíkì, aago ń sáré, ọkọ̀ ń dúró, kò sẹ́ni tó béèrè. Gbólóhùn tó dára, tó kún fún ẹ̀jẹ̀, ló jáde lẹ́nu rẹ̀, torí àgbà kan ló ti jìyà kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbà pé ó ṣẹlẹ̀, mi ò sì fi gbè wọ́n. Láti oṣù kẹwàá 1969, wọn kò kánjú mọ́ lórí ọ̀rọ̀ orúkọ. Owó ń wọlé, búlúùsì ni wọ́n ń sọ nínú gbogbo ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò wọn, bẹ́ẹ̀ wọ́n lè tẹ orúkọ ọkùnrin yẹn síbẹ̀ nígbàkígbà tí wọ́n bá fẹ́.

Arc Music, tó ń ṣàkóso ẹ̀tọ́ orin fún ilé iṣẹ́ Chess, ló kọ́kọ́ dìde lórí "The Lemon Song" àti "Bring It On Home", wọ́n sì yanjú rẹ̀ láìdé ìdájọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970. Ti "Whole Lotta Love" pẹ́ gan-an. Shirley, ọmọ Dixon, ló gbọ́ orin náà tó sọ fún bàbá rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ yín nìyẹn. Dixon pè wọ́n lẹ́jọ́ ní 1985, ọdún 16 lẹ́yìn tí àwo jáde. Ó ti di ẹni 70 ọdún. Wọ́n yanjú rẹ̀ ní 1987 láìjẹ́ pé adájọ́ dá a.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹgbẹ́, mo bẹ̀ yín, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá kúrò ní sítúdíò, kẹ́ ẹ tó sùn, ẹ jókòó kọ ọ́ sílẹ̀: ta ló mú ohùn yìí wá, níbo lẹ ti gbọ́ gbólóhùn yìí. Bóyá ẹnu àgbà onífújì kan ni, bóyá orin ìyá yín ni, bóyá ẹni tó ń lu gángan fún yín lóde ìnáwó ló fi sí i lọ́jọ́ kan. Ní ọjọ́ yẹn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni iṣẹ́ náà ń gbà. Fún Dixon, ó gba lọ́yà àti ọdún 16.

Lára owó tí Dixon rí gbà ló fi ran iṣẹ́ Blues Heaven lọ́wọ́, àjọ tó dá sílẹ̀ láti máa bá àwọn àgbà olórin búlúùsì wá ẹ̀tọ́ wọn lórí orin tí wọ́n kọ. Ó kú ní oṣù kìíní 1992. Marie, opó rẹ̀, ra ilé tí Chess ti ń ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù láyé ọjọ́un, ní nọ́ńbà 2120 South Michigan Avenue ní Chicago, ibẹ̀ ni àjọ náà wà báyìí. Lára àwọn àwo "Led Zeppelin II" tí wọ́n ń tẹ̀ lẹ́yìn ẹjọ́ náà, orúkọ rẹ̀ wà lábẹ́ orin àkọ́kọ́ pẹ̀lú ti àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.